Òfin Owó Orí Ìpínlẹ̀ Yípadà Lẹ́yìn Tí Mo Ti Ṣe Táàsì Tán: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Tó Wà ní Amẹ́ríkà

Láti oṣù Kínní títí dé àárín oṣù Kẹrin ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Maryland, Georgia, New York àti Minnesota máa ń ṣe táàsì. Ẹni tó bá ń retí owó àdápadà kì í fi falẹ̀ rárá. Bí W-2, ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ owó tí èèyàn gbà àti owó orí tí wọ́n yọ, bá ti dé báyìí, ó ti fi ìwé ránṣẹ́. Àsìkò yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa ń jókòó. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ṣe táàsì rẹ̀ tán ní oṣù Kejì, kí gómìnà sì buwọ́ lu òfin mìíràn ní oṣù Kẹta. Ìpayà tó máa ń tẹ̀lé e ló jẹ́ kí n kọ àwọn ìdáhùn yìí, torí mo ti rí àwọn tó fi owó tó jẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún ìjọba, mo sì ti rí àwọn tó sáré tún ìwé tí kò ní àléébù ṣe, tí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn dá owó wọn dúró.

Ṣé ìwé tí mo ti fi ránṣẹ́ ti di àṣìṣe nígbà tí òfin yípadà?

Rárá. Bí ẹ bá tẹ̀lé òfin tó wà lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni gbólóhùn kan tó sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ òfin tuntun, èyí tó dárúkọ ọdún owó orí tí òfin náà kàn. Ọjọ́ tí gómìnà buwọ́ lù ú lè jìnnà sí ọdún yẹn gan-an, níwájú tàbí lẹ́yìn.

Ẹ wo Georgia ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbèdéke fún ìwé owó orí ọdún 2024, ọjọ́ yẹn náà sì ni Gómìnà Brian Kemp buwọ́ lu òfin méjì. Èkíní, HB 111, dín owó orí ìpínlẹ̀ kù sí ìdá 5.19 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2025. Ẹni tó ń fi ìwé 2024 ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, torí ọdún 2024 ní ìdá tirẹ̀, ìyẹn 5.39. Owó tó ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni òfin yẹn kàn. Èkejì, HB 112, ẹ̀yìn ló wò. Ó ní kí wọ́n fa owó yọ nínú àṣẹ́kù àpò ìpínlẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó bá ti fi ìwé 2023 àti ti 2024 ránṣẹ́: $250 fún ẹni tó dá wà, $375 fún ẹni tó jẹ́ olórí ilé láìní ọkọ tàbí aya, $500 fún tọkọtaya tó jọ ṣe é. Kò sì lè ju iye owó orí tí onítọ̀hún jẹ ìpínlẹ̀ ní 2023 lọ. Ìwé 2023 tí èèyàn ti kó sínú àpótí, tó ti gbàgbé, òun ló wá mú owó jáde, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Gómìnà kan náà, ọjọ́ kan náà, òfin méjì tí ojú wọn kò kọ síbì kan náà. Bí ẹ bá gbọ́ lórí WhatsApp pé "òfin táàsì ti yípadà," ọdún wo ló kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ìjọba àpapọ̀ dín owó orí kù lórí nǹkan kan. Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ mi kò tẹ̀lé e?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bí òun yóò ṣe bá òfin Washington rìn. Àwọn kan ń tẹ̀lé e bó ṣe ń yípadà, láì dúró de ilé aṣòfin wọn. Àwọn mìíràn á mú ọjọ́ kan, wọ́n á ní òfin ìjọba àpapọ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn làwọn mọ̀. Ohunkóhun tó bá yípadà lẹ́yìn rẹ̀ kò kàn wọ́n, àfi bí àwọn aṣòfin bá tún jókòó kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni Georgia ṣe ń ṣe é. California dúró sí ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2015 fún ọ̀pọ̀ ohun, ó di 2025 kí wọ́n tó sún un.

Maryland wà láàárín. Ó sábà máa ń tẹ̀lé ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ní kí Comptroller, ọ̀gá tó ń bójú tó owó orí ìpínlẹ̀ náà, ṣírò ohun tí ìyípadà tuntun yóò ṣe sí owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀. Bó bá tó $5 million tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Maryland kò ní tẹ̀lé e fún ọdún tí wọ́n ṣe òfin náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Bowie, Laurel tàbí Hyattsville, ó yẹ kó mọ èyí sórí.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ ni owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lásìkò Kòrónà. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lu American Rescue Plan Act. Òfin náà ní kí wọ́n má gba owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí $10,200 àkọ́kọ́ nínú owó yẹn fún ọdún 2020, bí owó tó wọlé fún onítọ̀hún kò bá tó $150,000. Àìmọye èèyàn ti fi ìwé ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ yẹn. New York kò tẹ̀lé e: wọ́n ní kí èèyàn dá $10,200 náà padà sórí ìṣirò ìpínlẹ̀. California, New Jersey, Pennsylvania àti Virginia kò gba owó orí lórí irú owó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà kò sí ohun tó yípadà fún wọn. Àwọn èèyàn wa ní Houston àti ní Florida kò ní owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó iṣẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò kan hàn wá tó jẹ́ ti Maryland.

Ọdún 2021 yẹn náà ni màá lò, torí òfin méjì ló kọlu ara wọn níbẹ̀. Àsìkò láti béèrè owó ọdún 2020 ti kọjá, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ á tún ṣẹlẹ̀.

Kí òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde, Maryland ti ṣe tiẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2021 ni Gómìnà Larry Hogan buwọ́ lu RELIEF Act. Ó yọ owó orí ìpínlẹ̀ àti ti káúńtì kúrò lórí owó ìrànwọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ fún 2020 àti 2021, fún ẹni tó dá wà tí AGI rẹ̀ kò tó $75,000, tàbí tọkọtaya tí tiwọn kò tó $100,000. AGI (adjusted gross income) ni àpapọ̀ owó tó wọlé fún èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ àwọn nǹkan kan, ìyẹn iye tó wà ní ìlà 11 lórí Form 1040, ìwé owó orí ìjọba àpapọ̀, òun sì ni Maryland fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀.

Ká ní arábìnrin kan wà ní Káúńtì Prince George's, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ní 2020 ó gba owó iṣẹ́ $38,000, ó sì gba $14,000 nígbà tí kò ríṣẹ́ ṣe. AGI rẹ̀ jẹ́ $52,000. Ó ti ṣe táàsì rẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 2021, kò sì sí òfin kankan nígbà náà, nítorí náà ó san owó orí lórí gbogbo rẹ̀. Ìdá tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 4.75, ti káúńtì jẹ́ 3.2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.95 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí $14,000, ìyẹn jẹ́ $1,113. Owó gidi ni fún ẹni tó ń dá ilé gbọ́, tó sì tún ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé. Form 502X, tí í ṣe ìwé àtúnṣe ti Maryland, àti Form 502LU, tí wọ́n ṣe fún ìyọkúrò yìí, ni ọ̀nà tí yóò fi gbà á.

Ibi tó ti le nìyí. Lẹ́yìn oṣù Kẹta, IRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, tún ìwé ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ ṣe fúnra wọn, wọ́n yọ $10,200 kúrò. AGI rẹ̀ wá di $41,800, owó ìrànwọ́ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sì jẹ́ $3,800 péré. Bó bá wá mú AGI tuntun yẹn, $41,800, tó sì tún yọ gbogbo $14,000 lórí rẹ̀ fún Maryland, á ku $27,800, bẹ́ẹ̀ sì rèé $38,000 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti yọ $10,200 lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, nǹkan bíi $811 ni ìpínlẹ̀ yóò sì padà wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣirò tó tọ́ ni kó yọ $14,000 nínú $52,000, tàbí kó yọ $3,800 nínú $41,800. Méjèèjì ló ń já sí $38,000.

Bí òfin ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ bá kan owó kan náà, ẹ kọ iye AGI tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ṣé kí n yáa fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ lónìí?

Ẹ má kánjú. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú òpó ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ yín. Bí òfin bá kan ìwé tí èèyàn ti fi ránṣẹ́, wọ́n sábà máa ń sọ bóyá àwọn fúnra wọn ni yóò tún un ṣe tàbí ẹ̀yin ni. Ní 2021, IRS kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ lórí owó ìrànwọ́ yẹn, àwọn yóò ṣe é. Wọ́n sì ṣe é: nǹkan bíi 14 million ìwé ni wọ́n tún ṣe, wọ́n dá owó padà fún bíi 12 million nínú wọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $14.8 billion.

Minnesota náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ kò gba òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn wọlé títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí gbèdéke ti kọjá. Ìwé tó kàn ju 500,000 lọ, ilé iṣẹ́ owó orí wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe fúnra rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá kánjú fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lè rí i pé ìwé rẹ̀ di méjì lórí tábìlì wọn, kí wọ́n sì ní láti mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Bí ìyípadà náà bá jẹ́ kí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí ẹ kò béèrè nínú ìwé àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà wọn lè má mọ̀. Owó tó wọlé tó wá dínkù lè jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ tí kò lè gba Earned Income Tax Credit (ìrànwọ́ inú táàsì fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀) tẹ́lẹ̀ di ẹni tó lè gbà á. IRS sọ ọ́ nígbà yẹn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní láti fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́. Bákan náà ni bí ìpínlẹ̀ bá sọ ní kedere pé àwọn kò ní tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ má fi owó yín sílẹ̀.

Mo ti ń retí owó mi láti oṣù Kejì. Wọ́n ní òfin tuntun ló fà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́. Bí òfin bá yí fọ́ọ̀mù padà láàárín àsìkò táàsì, wọ́n ní láti tún fọ́ọ̀mù kọ, kí àwọn tó ń ta sọ́fúwíà owó orí náà tún tiwọn ṣe, kí ìwé tó tún máa lọ geerege. Ní Maryland ní 2021, Comptroller ìgbà náà, Peter Franchot, sún gbèdéke ìpínlẹ̀ sí ọjọ́ 15 oṣù Keje nítorí RELIEF Act. Ẹ máa yẹ ipò owó yín wò lórí ojú òpó ìpínlẹ̀, kí ẹ má ṣe fi ìwé kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì torí pé ó pẹ́.

Owó ti wọlé, mo sì ti ná an. Ṣé ìjọba lè ṣe òfin tuntun kí wọ́n wá gbà á padà?

Ìbéèrè yìí máa ń bà mí nínú jẹ́, torí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí owó náà ti bá sanwó ilé.

Ní ti òfin, agbára wà lọ́wọ́ wọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ United States v. Carlton ní 1994. Ọkùnrin tó ń bójú tó ogún olóògbé kan tẹ̀lé òfin owó orí tí wọ́n ṣe ní 1986, ó ra ìpín ilé iṣẹ́, ó tà á, ó sì fi dín owó orí ogún náà kù. Ní 1987 àwọn aṣòfin yí òfin náà padà, wọ́n sì jẹ́ kó ká ohun tó ti ṣe mọ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ìjọba jàre: bí ìdí tó mọ́gbọ́n dání bá wà, tí ẹ̀yìn tí wọ́n padà sí kò sì jìnnà jù, kò lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè.

Àmọ́ nínú ìṣe, bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ gbé owó orí sókè, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń padà sí, ìyẹn ọdún tí kò tíì sẹ́ni tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. New Jersey ṣe é ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 fún àwọn tí owó wọn ju $1 million lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kínní ọdún náà. Àwọn olùdìbò California ṣe é ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012 nígbà tí wọ́n dìbò fún Proposition 30. Ẹ lè fọkàn balẹ̀ pé kò wọ́pọ̀ kí òfin tuntun wá ká ìwé òṣìṣẹ́ lásán tí wọ́n ti parí.

Ohun tó yàtọ̀ sí èyí ni owó tí wọ́n ṣèèṣì san. Bí wọ́n bá rán $2,100 sí yín dípò $1,200, kò sí òfin tuntun kankan níbẹ̀. Wọ́n á béèrè rẹ̀. Bí owó tó wọlé bá ju èyí tó wà lórí ìwé yín lọ, ẹ má nà án kí lẹ́tà tó dé tó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà.

IRS tún ìwé ìjọba àpapọ̀ mi ṣe. Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ fún ìpínlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń kọsẹ̀. Maryland, New York àti New Jersey fún yín ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí IRS bá ti parí ìpinnu rẹ̀. Illinois fún yín ní 120. Georgia àti Minnesota fún yín ní 180. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, IRS máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀, lẹ́tà tí yóò sì wá lẹ́yìn náà máa ń ní èlé àti owó ìtanràn nínú.

Bó bá jẹ́ ọdún tí IRS ń tún ìwé gbogbo èèyàn ṣe nítorí òfin tuntun, ẹ wo ohun tí ìpínlẹ̀ sọ nípa ìyẹn pàtó, torí wọ́n lè ní kí ẹ má ṣe nǹkan kan.

Ọdún mélòó ni mo lè padà sẹ́yìn?

Ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́, tàbí ọdún méjì láti ọjọ́ tí ẹ san owó orí náà, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì súnmọ́ ọn. Maryland, Georgia àti New York ń lo ọdún mẹ́ta, California ń lo mẹ́rin. Ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé, ọjọ́ gbèdéke ni ìjọba àpapọ̀ máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ló yí òfin padà ńkọ́, tí kì í ṣe àwọn aṣòfin?

Èyí lè tóbi ju ti aṣòfin lọ, torí pé ilé ẹjọ́ lè sọ pé owó tí wọ́n ti ń gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún kò tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Brian àti Karen Wynne, tọkọtaya kan ní Káúńtì Howard ní Maryland, ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan tó ń pa owó ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Fún ọdún 2006, wọ́n ti san owó orí fún àwọn ìpínlẹ̀ yòókù wọ̀nyẹn. Maryland dín owó orí ti ìpínlẹ̀ kù fún wọn nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti dín ti káúńtì. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin dá wọn láre.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó nìkan o. Ẹ ronú nọ́ọ̀sì tó ń gbé Elkton, tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Wilmington lójoojúmọ́. Maryland ní àdéhùn pẹ̀lú Virginia, Pennsylvania, West Virginia àti Washington D.C. pé kí oníkálukú san owó orí iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi tó ń gbé; kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Delaware. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì yìí ń san fún Delaware kó tó kan Maryland. Bí owó tí Delaware gbà bá ju ti ìpínlẹ̀ Maryland lọ, èyí tó lé kò rí ibi kankan lọ títí tí ẹjọ́ yẹn fi jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lè fi í dín ti káúńtì kù, ó sì lè tún ìwé àwọn ọdún tí àsìkò wọn kò tíì kọjá ṣe.

Ẹ fetí sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn: àwọn ọdún tí àsìkò wọn kò tíì kọjá. Láti ìwé ọdún 2006 títí di ìdájọ́ 2015, ó lé ní ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó jókòó dúró de ìdájọ́ ti pàdánù àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó gbọ́n ni ẹni tó ti fi ìwé ránṣẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, tó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: ẹjọ́ báyìí wà nílẹ̀, bí wọ́n bá dá a báyìí, mo lẹ́tọ̀ọ́ sí owó fún ọdún báyìí, ẹ má jẹ́ kí àsìkò mi kọjá. Protective claim ni àwọn oníṣẹ́ owó orí ń pè é. Wọn kò ní san nǹkan kan lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó ń dá àsìkò dúró fún yín. Ó ká mi lára pé díẹ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló mọ̀ pé ó wà.

Òfin tuntun ti ọdún 2025 lórí ofataìmù ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni mí, ofataìmù ni mo fi ń jẹun.

Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 gbà kí òṣìṣẹ́ yọ apá tó lé lórí owó ofataìmù kúrò nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń gba owó orí lé lórí, títí dé $12,500 fún ẹni tó dá wà àti $25,000 fún tọkọtaya, láti 2025 dé 2028. Apá tó lé ni pé bí wákàtí yín bá jẹ́ $40, tí ofataìmù sì jẹ́ $60, $20 náà ni wọ́n ń sọ.

Ìyọkúrò yìí ń wáyé lẹ́yìn AGI. Maryland, New York àti Georgia ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tiwọn láti AGI, nítorí náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún IRS lórí owó kan, kí Maryland sì gba tiẹ̀ lórí rẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan. Bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yín bá wá gbà á wọlé lọ́jọ́ iwájú, ọdún tí wọ́n bá dárúkọ ni kí ẹ wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìwé tí ẹ ti fi ránṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Owó tí ìpínlẹ̀ dá padà, ṣé màá tún san owó orí lórí rẹ̀?

Ẹni tó lo standard deduction, iye kan pàtó tí òfin gbà kí èèyàn yọ láì to ìnáwó rẹ̀, kì í san án. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wa nìyẹn.

Ẹni tó lo Schedule A, ìwé tí èèyàn fi ń to ìyọkúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi owó orí ìpínlẹ̀ dín owó orí ìjọba àpapọ̀ kù, lè ní láti san lórí rẹ̀, torí ó ti jẹ àǹfààní owó náà nígbà kan. Form 1099-G ni yóò fi iye rẹ̀ hàn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn. Ká ní owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ilé yín ní 2023 jẹ́ $16,000. $10,000 péré ni òfin gbà kí ẹ yọ nígbà náà. Bí ìpínlẹ̀ bá dá $500 padà, $15,500 ṣì ju $10,000 lọ, kò sí àǹfààní tí $500 náà fún yín rí, nítorí náà kò sí owó orí lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni IRS sọ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2023 nípa owó tí Georgia, Massachusetts, South Carolina àti Virginia dá padà ní 2022. Sọ́fúwíà máa ń béèrè ìbéèrè yìí. Ẹ má kàn tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láì wo ìwé ọdún tó kọjá.

Àǹtí, mo ti kó kúrò ní Atlanta lọ sí Dallas. Ṣé mo ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó Georgia?

Ọdún tí ẹ gbé ibẹ̀, tí ẹ sì san owó orí sí, ni wọ́n ń wò. Ẹni tó gbé ibẹ̀ fún apá kan nínú ọdún lè gba apá kan. Ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì yín padà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀. Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan kò tó.

Ẹnì kan fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé owó òfin tuntun ti jáde, kí n tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mi.

Ẹ pa á rẹ́. Gbájúẹ̀ ni. Àwọn oníjìbìtì máa ń ka ìròyìn òfin tuntun bí àwa náà ṣe ń kà á, wọ́n á sì fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ kó tó di pé ìpínlẹ̀ san ohunkóhun.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á bá yín gba owó náà kí ẹ fún òun ní ìdá kan nínú rẹ̀, pàápàá nínú ìjọ tàbí ẹgbẹ́ wa, níbi tí ìtìjú kì í jẹ́ ká béèrè ìwé. Ẹni tó ń gba owó láti ṣe táàsì fún èèyàn gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kó sì kọ PTIN rẹ̀, nọ́ńbà tí IRS fún un láti máa ṣe iṣẹ́ náà, síbẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ kó ìwé yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé wo ni kí n fi pamọ́?

Ẹ̀dà ìwé ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ bí ẹ ṣe fi wọ́n ránṣẹ́, W-2, gbogbo 1099 (ìwé tó ń fi owó mìíràn tó wọlé fún yín hàn), àti lẹ́tà yòówù tí IRS tàbí ìpínlẹ̀ bá kọ sí yín, fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán. Bí ẹ kò bá rí ti ìjọba àpapọ̀ mọ́, ẹ lè gba transcript, àkọsílẹ̀ táàsì yín lọ́dọ̀ IRS, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú òpó IRS. Èyí tí wọ́n ń pè ní account transcript ló ń fi hàn bóyá wọ́n ti tún ìwé yín ṣe láì jẹ́ pé ẹ mọ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan sí ìpínlẹ̀.